Náámánì Kọ́kọ́ Lọ sí Ààfin

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 5:1-15, Jẹ́nẹ́sísì 35:16-20, Lúùkù 17:11-19

  

Ìtàn Náámánì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí a bá sì ń wàásù lórí rẹ̀, ibi odò Jọ́dánì ni a máa ń sáré lọ: ìgbéraga ọ̀gágun náà, àti ẹ̀ẹ̀méje tó ri ara rẹ̀ sínú omi. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ibi tí a máa ń fò kọjá, ẹsẹ karùn-ún títí dé ìkẹjọ.

Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n kó lẹ́rú ló sọ ibi tí ìwòsàn wà. Ó ní wòlíì kan ń bẹ ní Samáríà. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé etí ọba Síríà, ó di lẹ́tà. Ó di tálẹ́ńtì fàdákà mẹ́wàá, 6,000 ìwọ̀n wúrà àti ìpààrọ̀ aṣọ mẹ́wàá. Náámánì di gbogbo ẹrù náà, ó sì gbé e lọ sí ààfin ọba Ísírẹ́lì. Ààfin! Ọmọ náà kò dárúkọ ààfin. Ọba ka lẹ́tà tán, ó fa aṣọ ara rẹ̀ ya, nítorí kò ní oògùn ẹ̀tẹ̀, ó sì rò pé ìjà ni wọ́n ń wá. Ọpẹ́lọpẹ́ Èlíṣà tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n darí ọkùnrin náà sí ọ̀dọ̀ òun, ibẹ̀ ni ìtàn náà ì bá parí sí.

Ẹ wò ó dáadáa. Owó wà. Ìgbàgbọ́ díẹ̀ wà. Ọlọ́run sì ti múra tán láti wo ọkùnrin yìí sàn. Ohun tó fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé ó gbé àìsàn lọ sí ilé tí kì í ṣe ti àìsàn náà. Ààfin kì í ṣe ibi burúkú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ti ń wo ẹ̀tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí àdúgbò wa. Bí ara obìnrin kan kò bá yá ní Bàrígà, kó tó dé títì, ó ti kọjá níwájú alágbo, ó ti kọjá níwájú kẹ́mísì méjì, ó ti kọjá níwájú ilé kan tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ti ń fa omi sí ènìyàn lára ní pálọ̀, ó sì ti gbọ́ agogo ilé àdúrà. Bó bá rìn síwájú, hẹ́lítì sẹ́ńtà ìjọba wà, ọsibítù aládàáni wà, Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ṣómólú wà, ti Gbàgádà wà. Ọsibítù egungun Ìgbóbì kò jìnnà sí wa. Bí ọ̀ràn bá le ju ìyẹn lọ, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Àwọn ìlú kan wà tí aláìsàn ní ibì kan ṣoṣo láti lọ, tí yóò sì rìn títí kó tó débẹ̀. Tiwa kì í ṣe àìrí ibi lọ. Tiwa ni pé a kì í tètè mọ ilé tó jẹ́ ti àìsàn tó wà lára wa, nígbà tí a ó bá sì fi mọ̀ ọ́n, owó ti tán, ọjọ́ ti lọ. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Máàkù orí karùn-ún ná gbogbo ohun tó ní lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ oníṣègùn fún ọdún méjìlá, ńṣe ló sì ń burú sí i.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn arábìnrin máa ń béèrè ní kọ̀rọ̀: Ṣé lílọ sí ọsibítù kò fi hàn pé ìgbàgbọ́ wa kéré? Ẹni tó bá fẹ́ fi Bíbélì gbe èyí lẹ́sẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí Ásà Ọba, ní 2 Kíróníkà 16:12, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó sì wá oníṣègùn dípò Olúwa. Ẹ ka orí náà láti òkè. Kó tó di pé ẹsẹ̀ ń dun Ásà, ó ti kó fàdákà ilé Olúwa fún ọba Síríà nítorí ogun, ó sì ti ju aríran tó bá a wí sẹ́wọ̀n. Ọkùnrin tó ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run nínú ohun gbogbo ni. Kì í ṣe dókítà ló kọ́ ọ. Ẹ wá wo Hesekáyà. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣèlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ lẹ̀ mọ́ eéwo náà (2 Àwọn Ọba 20:7). Ìlérí ti jáde lẹ́nu Ọlọ́run, wọ́n ṣì tún lẹ oògùn. Lúùkù tó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni, olùfẹ́ sì ni Pọ́ọ̀lù pè é.

Àwa tí a ń pè ní Ìjọ Elétò pàápàá, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rú wa lójú, nítorí John Wesley fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín oògùn. Ní 1746, nígbà tó rí i pé àwọn tálákà Lọ́ńdọ̀nù kò rí owó dókítà san, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì wá apòògùn kan àti oníṣẹ́ abẹ kan láti ràn án lọ́wọ́. Láàárín oṣù márùn-ún, ó lé ní 500 ènìyàn tó gba oògùn, kò sì béèrè bóyá ọmọ ìjọ ni wọ́n. Ní 1747, ó tẹ ìwé kan jáde, Primitive Physick, tó kún fún oògùn ilé tí kò wọ́n. Bí a bá ka àwọn kan nínú oògùn inú ìwé náà lónìí, ẹ̀rín ni yóò pa wá. (Baba wa yìí tún fẹ́ràn kí wọ́n máa fi iná mànàmáná gbọn aláìsàn!) Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò gbó. Èkínní, ó pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní kọjá ibi tí ìmọ̀ òun mọ; àìsàn tó bá le tàbí tó bá díjú, kí aláìsàn gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Èkejì, nígbà tó ka àbọ̀ iṣẹ́ oṣù márùn-ún náà, ó ní àwọn 71 tó lo oògùn déédéé tí wọ́n sì tẹ̀ lé ìlànà ti sàn pátápátá, ó sì fi kún un pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kì í tẹ̀ lé ìlànà. Ó ti lé ní ọdún 270 báyìí o. Ẹni tó bá rò pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ló ń pa oògùn tì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kó lọ bi Wesley.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi yẹ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò nìyẹn: ṣé ẹni tó wà nínú ilé yìí mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, ṣé yóò sì sọ fún mi nígbà tí a bá dé ibẹ̀? Ọba Ísírẹ́lì, bó ti wù kó bínú tó, ó sọ òótọ́, ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹni tí mo bẹ̀rù ni ẹni tí kò ní fa aṣọ rẹ̀ ya, tí yóò gba tálẹ́ńtì mẹ́wàá náà, tí yóò sì ní kí Náámánì máa bọ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Àwọn arábìnrin kan ń forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù kí wọ́n lè ní káàdì, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní i lọ́kàn pé ilé àgbẹ̀bí inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí àdúgbò ni àwọn yóò bí sí. N kò ní bú wọn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí, wọ́n á pè ọ́ ní ọmọ mi, wọ́n á gbàdúrà fún ọ, wọ́n á gba owó díẹ̀díẹ̀. Ní ọsibítù, ó lè jẹ́ ariwo nọ́ọ̀sì lo máa kọ́kọ́ gbọ́, kí o tó rí ìlà gígùn, kí o tó gba ìwé ohun tí o máa rà, kí wọ́n tó ní kí ọkọ rẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. (Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wa, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tútù wà lára ìtọ́jú.) Lékè gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń gbàdúrà pé kí a bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù.

Àdúrà dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ náà ní Ẹ́kísódù orí kìíní. Ṣífúrà àti Púà ni, àwọn àgbẹ̀bí, obìnrin tí iṣẹ́ wọn nìyẹn, tí Bíbélì dárúkọ wọn nígbà tí kò dárúkọ Fáráò fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin Hébérù náà ní àgbẹ̀bí tó mọṣẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀kan nínú ìyá àwọn Hébérù ni Rákélì. Ìrọbí le fún un lójú ọ̀nà Éfúrátà. Àgbẹ̀bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbà á níyànjú pé kó má bẹ̀rù, pé ọkùnrin ni yóò tún bí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú náà dára, ọmọ náà sì yè, ṣùgbọ́n Rákélì kú, ojú ọ̀nà ni Jékọ́bù sin ín sí. Kò sí ibòmíràn tí àgbẹ̀bí yẹn lè gbé e lọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Gbàgádà wà.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ọmọ inú rẹ̀ kò dorí kodò, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ tó kọjá: ilé àgbẹ̀bí kì í ṣe ibi tiyín. Ibi tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ, tó sì ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ni kí ẹ ti múra láti bí, kí ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Aboyún tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, kì í ṣe ẹni tí a ń fún ní Panadol kó lọ sùn; ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn tó bímọ lè kú láàárín wákàtí méjì. Wákàtí méjì! Ìṣọ́ òru wa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń kọ́ wọn. Bí ẹnì kan tí kò sí nínú ewu wọ̀nyí bá ṣì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ó bi ìyá àgbẹ̀bí náà: Ṣé ẹ forúkọ sílẹ̀? Ọsibítù wo lẹ máa ń gbé ènìyàn lọ? Ìgbà wo lẹ gbé ènìyàn lọ kẹ́yìn? Èyí tó bá dáhùn pé òun kò gbé ẹnikẹ́ni lọ rí, ẹ dìde níbẹ̀.

Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé lórí ohun tó ń fa ikú àwọn aboyún, wọ́n sì pín in sí ìdádúró mẹ́ta: kí a pẹ́ kí a tó pinnu láti lọ, kí a pẹ́ lójú ọ̀nà, kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dá wa lóhùn nígbà tí a bá dé ọ̀hún. Ẹ̀kẹta kò sí lọ́wọ́ wa pátápátá. Èkínní wà lọ́wọ́ wa, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gba ìyàwó yín, ẹ má ní kí wọ́n dúró de ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn.

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́

Ìjọ wa ní ìtàn kan tó yẹ kí a máa sọ fún ara wa. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló dá ọsibítù Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà, kó tó di ara ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1956, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ibẹ̀. Ó rí i ní ìlú Ìmẹsí-Ilé pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ àti àìjẹun-tó-dára ń pa àwọn ọmọ tí kò yẹ kó kú. Ó dá kíníkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní iṣẹ́ náà, ó sì fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a fi ń wo bí ìwúwo ọmọ ṣe ń lọ sókè. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe ọsibítù. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì yẹn ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí wọ́n ń fún yín ní hẹ́lítì sẹ́ńtà, ìdílé kan náà ni.

Fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, fún ìwọ̀n, fún ibà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ, hẹ́lítì sẹ́ńtà ni ibi tí ẹ máa lọ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn ibà. Ẹ má lọ jókòó sí ọsibítù ńlá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nítorí ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín ní òpópónà kejì. Náámánì bínú nítorí odò Dámásíkù mọ́ ju Jọ́dánì lọ lójú rẹ̀. Àwọn kan nínú wa náà rò pé ibi tí kò bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, kò lè ní oògùn.

Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ jù lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì fún un ní àgbo ìtọ̀ màálù. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa àgbo yìí: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, débi pé ọmọ tí gìrì kò pa lè kú ti àgbo. N kò bá ewé jà, Ọlọ́run ló dá ewé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mu àgbo, kí ó sọ fún dókítà, kí ó má fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀rí jíjẹ́

Jésù ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àlùfáà, nítorí àlùfáà ló ní àṣẹ láti yẹ̀ wọ́n wò, gẹ́gẹ́ bí Léfítíkù orí 14. Jésù tó wo wọ́n sàn kò bẹ̀rù àyẹ̀wò. Nítorí náà, arábìnrin tó bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ti mú ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kúrò lára òun, kí ó yin Ọlọ́run, kí ó sì mú oògùn rẹ̀ dání lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà ni kí ó sọ pé kó dá oògùn dúró. Mo bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti jẹ́rìí pé òun ti ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn, tó gbọ́ ọ, tó lọ ju tirẹ̀ nù, rọpárọsẹ̀ lè dá a dúbúlẹ̀, kò sì ní lè wá jẹ́rìí tiẹ̀.

Kókó inú ọyàn kì í ṣe ti kẹ́mísì. Ẹ fi òróró sí i bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan wà nínú LUTH láti 2019. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2023, tí Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Egungun tó ṣẹ́, Ìgbóbì ni. Láti 1945 tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ní ti kẹ́mísì, Panadol àti omi iyọ̀ fún ìgbẹ́ gbuuru, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á kò ní láti yẹ̀ yín wò, kò sì ní láti po oògùn mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rá fún yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tó di ọ̀gá NAFDAC ní 2001, kò dẹ́kun láti máa sọ pé oògùn ṣúgà ayédèrú ló pa arábìnrin òun ní 1988. Apòògùn ni Akunyili fúnra rẹ̀, ó sì dé bá ìdílé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọsibítù aládàáni ni, ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé HEFAMAA wà níbẹ̀, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ owó sì rèé: ẹni tí kò bá tíì wọ ètò adójútòfò Ìlera Èkó, kí ó lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn yóò ní kí ẹ mú ilé ìwòsàn kan. Ẹ má mú èyí tó lókìkí jù, ẹ mú èyí tí ẹ lè dé ní òru.

Iṣẹ́ fún kíláàsì

Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó pé, kí olórí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan. Kí ó kọ orúkọ aboyún tó wà nínú kíláàsì rẹ̀ sí i, oṣù tí a ń retí rẹ̀, àti ibi tó pinnu láti bí sí. Kí ó kọ hẹ́lítì sẹ́ńtà tó sún mọ́ wọn jù àti ọsibítù tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí ó kọ orúkọ ẹni tó ní ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbà pé a lè kan ilẹ̀kùn òun ní aago méjì òru, àti nọ́ńbà 767 àti 112 tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Èkó. Ní àdúgbò tí wọ́n bá sì ti ń ti géètì lóru, kí ó kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ilé tó ń sùn.